Sísùn ní Ibùdó Àgọ́ nínú Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà sùn nínú ọgbà ẹranko ìjọba káàkiri ayé. Èkíní ni ilé àlejò, níbi tí omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ibùsùn àti oúnjẹ ti ń dúró de ẹni tó ń bọ̀. Èkejì ni ibùdó àgọ́, ìyẹn àyè ilẹ̀ kan tí àwọn aláṣẹ ọgbà ṣán, tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ kí àwọn àlejò lè pa àgọ́ aláṣọ wọn síbẹ̀, tí ó lè ní ṣalángá àti ojú ààrò, ṣùgbọ́n tí kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí, pàápàá bí ó ṣe kan Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó wà lẹ́bàá àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kókó tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi hàn ni pé àsìkò tí ọgbà yìí bá dára jù lọ láti wò ni àsìkò tí ó le jù lọ láti sùn níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ pa àgọ́ sínú ọ̀dàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ máa hùwà bí ẹni tó wà ní aṣálẹ̀.

Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, èyí tí í ṣe ilẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ààbò ẹranko, igi àti ohun ìtàn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, ṣọdẹ, gé igi tàbí da màlúù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó ọba méjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀: igbó ọba ti apá òkè odò Ògùn, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 ni wọ́n sọ méjèèjì di igbó ìtọ́jú ẹran, nígbà tí ó sì di 1991, òfin ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀ di ọgbà kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì àgbà ọgbà náà wà ní Ìṣokùn nínú ìlú Ọ̀yọ́, a sì pín ọgbà fúnra rẹ̀ sí ẹkùn ìṣọ́ márùn-ún, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé, Marguba, Tedé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Yemoso. Láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìkòyí-Ilé, ni ènìyàn yóò gbà kọjá sí ìhà àríwá, nígbà tí Ìgbẹ́tì, ìlú olókè tí a mọ̀ mọ́ òkúta mábù, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó súnmọ́ ahoro Ọ̀yọ́-Ilé jù lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní aṣálẹ̀ kí a tó fi ọgbà yìí wé e. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ sábà máa ń pe ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ lọ́dún kò bá tó 250 mìlímítà ní aṣálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé máa ń wà láàárín 900 sí 1,500 mìlímítà lọ́dún. Nítorí náà ọgbà yìí kì í ṣe aṣálẹ̀. Ọ̀dàn ni, ìyẹn ilẹ̀ koríko gíga tí igi bí ẹmi, ayin, apá àti irúgbá dúró káàkiri nínú rẹ̀ láìpa orí pọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò náà ṣe pín láàárín ọdún ni ó mú kí ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ wọ̀ ọ́, nítorí pé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán, tí oṣù bíi mélòó kan yóò sì kọjá lẹ́yìn náà tí ilẹ̀ kò ní rí omi kankan láti ojú ọ̀run. Ní àkókò yìí kan náà ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ó ń gbé erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́, tí ó sì ń fa omi inú ewé, inú ilẹ̀ àti inú ara ènìyàn gbẹ. Aṣálẹ̀ kò ṣí wá sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ ń wá lọ́dọọdún.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé, kí ló dé tí àlejò kò kúkú lọ nígbà òjò, nígbà tí omi pọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú koríko àti nínú ọ̀nà. Nígbà òjò, koríko ọ̀dàn máa ń ga ju ènìyàn lọ, débi pé ẹfọ̀n lè dúró nítòsí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ọ̀nà inú igbó a di ẹrẹ̀, àwọn odò bí Ògùn àti Tẹsi a kún, ọkọ̀ a sì rì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀wẹ̀, koríko a gbẹ, iná a jó díẹ̀ nínú rẹ̀, odò a fà títí yóò fi ku kìkì adágún níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwọn ẹranko tí wọ́n ti tú káàkiri a sì wá péjọ sí ibi tí omi bá kù. Ìgbà yìí ni ènìyàn lè rí àgbọ̀nrín, ẹtu, ìmàdò, ìnàkí, ìjímèrè àti irú ẹran ọ̀dàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kob. Ohun tó ń kó ẹran jọ fún àlejò láti rí, ìyẹn ọ̀wọ́n omi, ni ohun kan náà tó lè pa àlejò lára.

Ibùdó àgọ́ tí kò ní omi kò ṣàjèjì ní ibòmíràn láyé. Ọgbà Joshua Tree ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọgbà aṣálẹ̀ tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní 1936, ọdún kan náà tí wọ́n ya igbó ọba òkè odò Ògùn sọ́tọ̀, tí ó sì gba oyè ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1994. Nínú ọgbà náà ni àwọn ibùdó bí Belle, White Tank àti Hidden Valley wà, níbi tí àlejò yóò ti bá tábìlì, ojú ààrò àti ṣalángá, ṣùgbọ́n tí kò ní bá ẹ̀kán omi kan. Ohun tí àwọn aláṣẹ ọgbà aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún àlejò ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi tí kò dín ní lítà 4 fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rò pé àìlówó ló fa irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò rò ó dé ibi tó yẹ. Bí a bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí gbogbo ibi tí ènìyàn ń sùn nínú ilẹ̀ gbígbẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń bọ́ adágún ẹranko lè fà. Bí a bá tan iná mànàmáná síbẹ̀, ẹran tó ń jẹ lóru yóò sá. Ohun tí ibùdó kò ní jẹ́ ara ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣì ní ohun tí àlejò wá wò.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, omi sì ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń lọ sí ibùdó àgọ́ gbọ́dọ̀ kó. Bí ènìyàn mẹ́rin bá fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta, tí a sì fi lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ṣe ìṣirò, lítà 48 ni omi mímu wọn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Omi ìdáná, omi ìfọwọ́ àti omi tí a fi pamọ́ nítorí pé ọkọ̀ lè kọṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni ó bójú mu fún irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ́, ọ̀rá rẹ̀ a sì di ìdọ̀tí tí ẹran lè gbé mì. Kẹ́ẹ̀gì tó lómorí tó dé dáadáa ni ó sàn jù. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ọyẹ́ máa ń tan ènìyàn jẹ: nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn máa ń gbẹ kí ó tó tutù lára, ènìyàn a sì rò pé òun kò làágùn, nígbà tí omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Nítorí èyí, kò yẹ kí a dúró de òùngbẹ kí a tó mu omi. Àwọ̀ ìtọ̀ ni kí a máa fi ṣe àmì, nítorí pé ìtọ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú fi hàn pé omi ara kò tó.

Omi odò tàbí ti adágún kò ṣeé gbára lé gẹ́gẹ́ bí omi mímu. Ilẹ̀ Yorùbá mọ ìyà tí irú omi bẹ́ẹ̀ lè mú wá, nítorí pé inú adágún ni àwọn ará abúlé ti ń mu sòbìà, aràn gígùn tó ń gba ẹsẹ̀ ènìyàn jáde, kí Nàìjíríà tó rí aláìsàn rẹ̀ kẹ́yìn ní 2008, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ asẹ́ ni ohun èlò tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ lílé sòbìà kúrò. Síbẹ̀, sísẹ́ nìkan kò tó fún kòkòrò àrùn mìíràn tí ojú kò lè rí, nítorí náà bí omi tí a gbé lọ bá tán, kí a sẹ́ omi odò, kí a jẹ́ kí ó tòrò, lẹ́yìn náà kí a sè é títí yóò fi hó yaya fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Wíwẹ̀ nínú omi tí kò ṣàn tún lè fa àtọ̀sí ajá, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, tí kòkòrò rẹ̀ ń ti ara ìgbín omi jáde, tí ó sì ń gba awọ ara wọlé.

Yíyan ibi tí a ó pa àgọ́ sí ni iṣẹ́ kejì. Bí aláṣẹ ọgbà bá ti fi ibi kan hàn, ibẹ̀ náà ni kí a lò, nítorí pé ilẹ̀ tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Láàárín àyè náà, ìbòòji ọ̀sán ni kí a wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn sí ojú odò tó ti gbẹ, bó ti wù kí iyanrìn rẹ̀ tẹ́ tó, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin máa ń bá ìjì líle wá, àgbàrá tó ṣàn láti òkè jíjìn sì lè dé ibi tí òjò kò ti rọ̀ rárá. Bákan náà, kí àgọ́ jìnnà sí adágún, nítorí pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹran ń wá mumi, bí wọ́n bá sì bá ènìyàn lójú ọ̀nà wọn, yálà kí wọ́n padà pẹ̀lú òùngbẹ tàbí kí wọ́n bínú. Níbi tí ṣalángá kò bá sí, kí a gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ní ibi tó fi nǹkan bíi mítà 60 jìnnà sí omi, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó lẹ́yìn lílò.

Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń múra sílẹ̀ de ooru ọ̀sán, wọ́n a sì gbàgbé òtútù òru. Ìwọ̀n ooru nínú ọgbà náà lè ga tó 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé 12. Ìdí ni pé ìkùukùu àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń dá ooru ilẹ̀ dúró lóru, àwọn méjèèjì kò sì sí nígbà ọyẹ́, nítorí náà ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a gòkè lọ ní kíákíá lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ohun tí a tẹ́ sábẹ́ ṣe pàtàkì ju ohun tí a dà bora lọ, torí pé ilẹ̀ tútù ń fa ooru kúrò lára ẹni tó dùbúlẹ̀ lé e. Ẹní kan pẹ̀lú aṣọ nínípọn lórí rẹ̀ sàn ju bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lórí ilẹ̀ lásán. Àwọ̀n ẹ̀fọn náà kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé etí adágún kò ṣàìní ẹ̀fọn.

Iná ni ewu tí àlejò lè dá sílẹ̀ fún gbogbo igbó. Àwọn olùtọ́jú igbó ọ̀dàn a máa fínná sí apá kan koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó ṣì tutù díẹ̀, kí iná lè rọra jó, kí koríko tútù lè hù fún ẹran, kí iná ńlá má sì rí nǹkan jó tó bá yá. Iná tí àlejò fi sílẹ̀ nínú oṣù kejì yàtọ̀ pátápátá, torí pé koríko ti gbẹ dé gbòǹgbò, atẹ́gùn sì ń gbé ẹ̀tapàrà iná kọjá ọ̀nà. Nítorí náà, sítóòfù kékeré ni ó sàn jù fún ìdáná. Níbi tí àṣẹ bá sì wà fún iná igi, kí a ro àyíká rẹ̀ dé orí erùpẹ̀ pupa, kí a má sì gé igi tútù. Láti pa á, omi díẹ̀ àti erùpẹ̀ ni kí a pò mọ́ ẹyín iná títí yóò fi tutù lọ́wọ́, nítorí pé ẹyín tí a kàn fi iyanrìn bò lè gbóná fún wákàtí púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì jó ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ tí kò ní fi omi ṣòfò ni ó bá ibùdó mu: ẹ̀pà, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, búrẹ́dì, àti máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó.

Ní ti ẹranko, òórùn oúnjẹ ni ó ń fa ìnàkí àti ìjímèrè wá sí àgọ́, ẹni tó bá sì fún wọn jẹ lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ wọn láti máa ja àlejò mìíràn lólè; inú ọkọ̀ tàbí inú ike tó dé pinpin ni kí oúnjẹ wà. Ejò àti àkeekèé máa ń wá ibi tó ṣókùnkùn sá sí, nítorí náà kí a gbọn bàtà àti aṣọ kí a tó wọ̀ wọ́n, kí a má sì rìn lóru láìsí tọ́ọ̀ṣì. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kò yẹ kí a sín in ní gbẹ́rẹ́, kò yẹ kí a fi ẹnu fa á, kò sì yẹ kí a dè é le kankan. Kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí a fi igi dá ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà, ti Bowen yìí ni ìgbìmọ̀ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn wà láàárín inú igbó àti ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi gbọdọ̀ fi ibùdó sílẹ̀ láìsí ìdí. Ẹni tí ooru bá mú, tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, kí a gbé e sí ìbòòji, kí a sì fún un ní omi tí a pò: ṣíbí tíì kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi kan. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tí ara rẹ̀ sì ń jó bí iná, kí a má da omi sí i lẹ́nu mọ́. Aṣọ tútù ni kí a fi bò ó, kí a máa fẹ́ ẹ, kí a sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró.

Ọgbà yìí tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọgbà aṣálẹ̀ kò ní, ìyẹn ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní oṣù kìíní 1826, nígbà ayé Aláàfin Májọ̀tú, ni arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, tí ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ìlú kó kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bíi 1830 sí 1839 nítorí ogun, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tòde òní dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Ohun tó kù ni ìpele odi ìlú, igi oṣè ńláńlá, ọlọ àti àpáàdì. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ bí Frank Willett ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1950 sí 1959, wọ́n sì rí òkúta kéékèèké tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ là fún ohun èlò nínú ihò àpáta Mejiro. Àlejò kò gbọdọ̀ ṣa àpáàdì kan lọ sílé, nítorí pé ibi tí ó wà nínú ilẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá ti gbé e kúrò, amọ̀ sísun lásán ni. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a gbẹ́ ilẹ̀ fún ààrò tàbí kí a tú òkúta odi fi di èèkàn àgọ́ mú nítòsí ahoro náà.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kí olùkọ́ tàbí olórí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kó àwùjọ lọ síbẹ̀ gbé, nígbà náà, ní ètò. Kí ó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọgbà ní Ìṣokùn láti gba àṣẹ, láti béèrè ibi tí ó ṣeé sùn, àti láti mọ̀ bóyá ọ̀nà àti ààbò dára ní ẹkùn tí ó fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kí ó má lọ, kí ó gbà. Kí ó wọ igbó pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ ọgbà, kí ó sì fi orúkọ àwọn tó ń lọ àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé, nítorí pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo nínú igbó. Lẹ́yìn náà, kí ó pín omi rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ àti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan fún ìyókù àti ìpadàbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Bí ìdá kejì bá ti tán kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí wọ́n tú àgọ́, kí wọ́n kó ìdọ̀tí wọn, kí wọ́n sì máa bọ̀ nílé. Ní ibùdó tí kò ní omi, kẹ́ẹ̀gì ló ń dá ọjọ́ ìpadàbọ̀.